Orí Amọ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Arákalé, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta, 2025

Moríyọ̀ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù Ìlú Ọba ò tíì gé ọ létí? Èmi wà láàyè, mo ń jẹun, mo sì ń bínú sí ọ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kẹta rèé tí mo ti ń bẹ̀ ọ́ pé kó o fi fọ́tò ara rẹ ránṣẹ́. O fi fọ́tò òjò dídì ránṣẹ́. O fi fọ́tò ìkòkò ọbẹ̀ ránṣẹ́. Ṣé ìkòkò ọbẹ̀ ni mo bí ni?

O ní ojú fóònù rẹ tí wọ́n fi ń ya ara ẹni fọ́. Èmi náà, ẹ̀rọ tí mo fi ń gé irin ti ba etí mi jẹ́. Tí mo bá gbé fóònù sétí, bí ìgbà tí wọ́n ń din ẹja ni mò ń gbọ́. Nítorí náà, lẹ́tà ni tiwa. Màá máa fi báírò kọ ọ́, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi sórí Wasáàpù, ìwọ náà á sì fèsì bí ọmọ tí wọ́n rán nílé ìwé, kì í ṣe “OK Daddy” tó o máa ń kọ yẹn.

Gálárì ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ibi tó ń lọ. Sherifat, tó ń ya àwòrán, ní ẹnu ọ̀nà gan-an lòun fẹ́ kí n gbé iṣẹ́ òun kọ́ sí. Kìtán, ọmọ Ìjàrè tó ń hun rafíà, ní òrùlé ń jò sórí iṣẹ́ òun. Ó ń jò lóòótọ́. Mo gun àkàbà lọ fi ọ̀dà dí i, mo gbálẹ̀, mo nu gíláàsì, mo kọ lẹ́tà sí àwọn tí mo fẹ́ kí wọ́n wá síbi àfihàn wa. Títí ọjọ́ fi lọ, n kò fọwọ́ kan amọ̀.

Tí mo bá sì wá fọwọ́ kàn án, orí òkú ni. O mọ iṣẹ́ tó ń bọ́ wa látijọ́, ère orí sàréè. Àwọn ọmọ olóògbé á gbé fọ́tò wá, wọ́n á ní, “Bàbá Májẹ́kódùnmí, ẹ bá wa ṣe é kó rẹwà o.” Màá fi ẹran kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí àìsàn ti jẹ, màá na iwájú orí tó hunjọ, màá to irun. Kò sí òkú kan tó burẹ́wà lọ́wọ́ mi, láti Àkúrẹ́ títí dé Oǹdó.

Ṣùgbọ́n gbọ́ ìròyìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́rin, mo ṣe nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí pé kí n ṣe. Orí rẹ ni. Fọ́tò tó o yà ní pápákọ̀ òfuurufú lọ́jọ́ tó ò ń lọ, lọ́dún keje sẹ́yìn, ni mo wò. Mo fi amọ̀ mọ ọ́n, mo wá fi sìmẹ́ǹtì dà á. Gbogbo ìlà irun tí Àǹtí Fọlákẹ́mi dì fún ọ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ nìkan ló ń ṣe mí ní iyè méjì. Fi fọ́tò tuntun ránṣẹ́, kí n mọ̀ bóyá o ti sanra.

Bàbá rẹ,
Rufus Májẹ́kódùnmí


Sheffield
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà Sherifat. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun àkàbà mọ́, ẹ wá ẹni tó máa bá yín gùn ún.

Ẹ má bínú nítorí fọ́tò. Wọn kò tíì tún fóònù náà ṣe. Iṣẹ́ pọ̀ nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ń rẹ̀ mí púpọ̀ láìpẹ́ yìí. Ọpẹ́yẹmí tí a jọ ń gbé ló ń se oúnjẹ fún mi. Òun ló se ọbẹ̀ tí ẹ rí yẹn.

Inú mi dùn pé ẹ ṣe orí mi, ṣùgbọ́n inú mi ò balẹ̀. Bàámi, ta ló wà nínú gálárì yín tó ṣì ń mí? Ọ̀gá àgbà ilé ìwé wa wà níbẹ̀, ó ti kú. Ìyá onífìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ti kú. Ẹni tó bá wọlé tó bá mi láàárín wọn, kí lẹ fẹ́ kó rò? Ẹ gbé e sí yàrá yín, ẹ máa wò ó níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín.

Ẹ bá mi kí Yèyé ní Oǹdó. Ẹ sọ fún un pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń rí i lójú àlá.

Ọmọ yín,
Moríyọ̀


Arákalé, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Moríyọ̀,

O kú ọdún Àjíǹde. O kò gbọdọ̀ bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. N kò gbé e sí yàrá. Ẹnu ọ̀nà ni mo gbé e sí ní ọjọ́ àfihàn wa, Mọ́ńdè Àjíǹde, lórí pèpéle funfun, kó lè jẹ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí. Àwọn orí tí ẹbí wọn ò tíì wá gbé wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àyè sì wà láàárín yín dáadáa.

Ó yẹ kó o wà níbẹ̀. Bátìrì ẹ̀rọ tí mo ń fi sétí gbọ́ràn kú láàárọ̀, n kò sì ráyè lọ ra òmíràn, ṣùgbọ́n ojú mi rí gbogbo rẹ̀. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń dúró níwájú orí rẹ, ojú wọn sì ń yí padà. Adébùsóyè tó ń ta ọ̀dà lójúde wa di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ń mi orí, kò fẹ́ fi mí sílẹ̀. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí dì mọ́ mi, ó sunkún sí mi léjìká. Ẹnu wọn ń mì, mò ń sọ pé “Ẹ ṣé o, ẹ ṣé gan-an ni, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.” Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Àkúrẹ́ ní iṣẹ́ ọnà, n kò rí i kí iṣẹ́ kan wọ̀ wọ́n lára báyìí rí.

Àǹtí rẹ Fọlákẹ́mi nìkan ló bà mí nínú jẹ́. Ó kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ mẹ́rin wá láti Oǹdó. Ó dúró níwájú rẹ, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó wò mí bí ẹni rí olè. Wọ́n ò fẹnu kan ohun mímu tí mo gbé fún wọn tí wọ́n fi padà sínú mọ́tò. Láti ìgbà náà, kò kọ nǹkan kan sí mi. Ìgbéraga àwọn ẹbí ìyá rẹ, n kò mọ ìgbà tó máa tán.

Sherifat ta àwòrán méjì. Èmi ò ta nǹkan kan, inú mi sì dùn.

Fọ́tò rẹ ńkọ́?

Bàbá rẹ


Sheffield
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹrin

Bàámi,

Ẹ má bínú pé n kò kí yín dáadáa. Wọ́n ń bá yín kẹ́dùn ni. Gbogbo àwọn tó ń di yín lọ́wọ́ mú yẹn, wọ́n rò pé mo ti kú.

Mo pe Àǹtí lánàá láti kí i kú ọdún. Ó gbọ́ ohùn mi, ó pariwo, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e, ó bi mí pé ta ni mí. Mo ní èmi Moríyọ̀. Ó ní kí n bẹ̀rù Ọlọ́run, kí n má fi olóògbé ṣeré. Ó gbà mí tó wákàtí kan kí wọ́n tó gbà pé èmi ni. Wọ́n ti bínú sí yín tẹ́lẹ̀ pé mo kú, ẹ kò sọ fún ẹbí màámi, orí mi ni wọ́n kàn wá bá lẹ́nu ọ̀nà.

Àǹtí ti gbà báyìí. Yèyé ni kò gbà. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ti lọ kí i kú àdánù kí Àǹtí tó délé. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí kò ti jẹ oúnjẹ gidi, ẹ̀kọ mímu ṣíbí méjì tàbí mẹ́ta ló ń gbà lójúmọ́. Wọ́n fi fóònù sí i létí, mò ń pariwo pé “Yèyé, èmi ni, èmi ni.” Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó ní, “Ẹ ti gbé ohùn wá fún mi rí.”

Bàámi, ẹ gbé orí yẹn kúrò lónìí. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lọ sí Oǹdó.

Moríyọ̀


Arákalé, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún

Moríyọ̀,

Ojú tì mí, lẹ́yìn náà inú bí mi. Ṣé èèyàn ò lè fẹ́ràn ọmọ rẹ̀ ní ìlú yìí kí wọ́n má sin ín?

Mo lọ sí Oǹdó ní Sátidé. Yèyé wà lórí ibùsùn, ó yí ojú sí ògiri. Ojú tí kò ríran láti ọdún mẹ́wàá, síbẹ̀ ó yí i kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ní, “Yèyé, Moríyọ̀ wà láàyè.” Ó ní, “Bímbọ́lá náà wà láàyè fún oṣù mẹ́ta.”

O kéré sí ọ̀rọ̀ náà nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Nígbà tí ìyá rẹ kú lọ́dún kọkànlá sẹ́yìn, àwọn àgbà ẹbí ní a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí Yèyé gbọ́ ikú ọmọ rẹ̀, pé yóò bá a lọ. Mo fọwọ́ sí i. A sọ fún un pé Bímbọ́lá wà ní Ìbàdàn, pé ìjọba rán an lọ kọ́ iṣẹ́. Ìbídùnní, ọmọ àbúrò mi, tí ohùn rẹ̀ jọ ti ìyá rẹ, a máa pè é ní ọjọọjọ́ Ìsinmi, “Màámi, ẹ kú ìsinmi o, iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wá ni.” Oṣù mẹ́ta gbáko. Yèyé wá sí Àkúrẹ́ láìsọ fún wa, ó wọ ilé iṣẹ́ mi, ó ń wá ọ̀nà pẹ̀lú ọwọ́ nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Ọwọ́ rẹ̀ bá orí ìyá rẹ lórí tábìlì, èyí tí mo ṣe fún sàréè rẹ̀. Ó kan imú, ó kan àgbọ̀n. Kò sunkún. Ó bi mí pé ọjọ́ wo ni.

Nísinsìnyí ó ní, “Wọ́n ti rí orí nínú ilé rẹ. Ohùn náà ti pè mí. Kí ló kù?” Bí a ṣe ń búra tó pé o wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń dá a lójú tó pé o ti kú.

N kò gbé orí náà kúrò, n kò sì ní gbé e. Òun nìkan ni iṣẹ́ tí mo ṣe fún ara mi láti ọdún mẹ́rin. Yàtọ̀ sí ìyẹn, tí mo bá gbé e kúrò níbẹ̀, wọ́n á ní mo ti gbé e lọ sí ojú oórì rẹ.

Wá sílé. Tí Yèyé bá fọwọ́ kàn ọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ọdún méje ti tó. Tó bá sì jẹ́ pé àwọn arúgbó òyìnbó ṣe pàtàkì ju ìyá ìyá rẹ lọ, fi fọ́tò ránṣẹ́, ó kéré tán, kí Àǹtí rẹ fi han àwọn obìnrin rẹ̀ kí wọ́n yé gbàdúrà òkú lé ọ lórí.

Bàbá rẹ


Arákalé, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Karùn-ún

Moríyọ̀,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta dín ọjọ́ méjì. Àmì kan péré ló wà lábẹ́ lẹ́tà mi lórí Wasáàpù, kì í ṣe méjì. Mo jí, mo wò ó. Mo jẹun, mo wò ó. Tó bá jẹ́ nítorí ohun tí mo sọ nípa àwọn arúgbó òyìnbó, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Dákun, ọmọ mi.

Mo ṣe ohun tó o ní kí n ṣe, mo ṣe é ní ìlàjì. N kò gbé orí náà kúrò, mo fi aṣọ bò ó. Àṣìṣe ni. Láti ọjọ́ tí mo ti bò ó, bí ẹni wọ ilé ọ̀fọ̀ ni wọ́n ń wọ gálárì. Wọ́n ń bọ́ bàtà. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Sherifat wá kó àwọn àwòrán rẹ̀ lọ, ó ní kì í ṣe ìjà o, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ra àwòrán òdòdó kì í fẹ́ kọ́kọ́ sunkún. N kò lè bá a jiyàn.

Yèyé kò lè dá jókòó mọ́. Dókítà tí wọ́n pè ní kò sí àrùn lára rẹ̀, àìjẹun ni. Ó ní kí wọ́n wá aṣọ òfì tó fi pọ̀n ọ́ nígbà tó o wà lọ́mọdé jáde fún òun. Ó ká a sí àyà.

Jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún ọ. Lánàá, mo ṣí aṣọ kúrò lórí ère náà láti nu eruku rẹ̀, ìgbà tí mo máa rí i, mo ti bọ́ bàtà. Èmi náà ti ń wò ó bí wọ́n ṣe ń wò ó. Kí ló ń ṣe ọ́? Kí lo ń fi pa mọ́ fún mi? Ẹ̀rù ń bà mí, Moríyọ̀.

Bàbá rẹ


Sheffield
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹfà

Bàámi,

Mo ti rí lẹ́tà yín méjèèjì. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Ojú fóònù mi kò fọ́ rí. Jẹjẹrẹ ọmú ló ń ṣe mí, irú èyí tó ṣe màámi. Oṣù Kejìlá ni wọ́n rí i. Nínú oṣù Kìíní, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, wọ́n gé ọmú òsì kúrò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fa oògùn kan sí mi lára ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta. Oògùn náà ló kó irun mi lọ. Ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé pé kí n wá sílé gan-an ni ibà gbé mi dè, mo lo ogún ọjọ́ ní ọsibítù láìtan fóònù, wọ́n sì dá oògùn náà dúró. Àwọn dókítà ní wọ́n tètè rí tèmi ju ti màámi lọ, pé ìrètí wà. Wọn kì í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ti sú mi láti máa bi wọ́n.

N kò lè sọ fún yín. Mò ń rántí bí ẹ ṣe ń jókòó ti màámi, tí ẹ ń fi ọwọ́ wọn ojú rẹ̀ bí ẹni pé ẹ fẹ́ há a sórí. Mo ní kí n kọ́kọ́ sàn ná. Nígbà tí ẹ wá kọ̀wé pé ẹ ti ṣe orí mi, mo rò pé ọwọ́ yín ti mọ ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀.

Fọ́tò náà nìyí. Ọpẹ́yẹmí yà á láàárọ̀ yìí. Ẹ kò ní rí irun, ẹ kò ní rí irun ojú pàápàá. Ẹ má sọ fún Yèyé. Àìsàn yìí ti gba ọmọ kan lọ́wọ́ rẹ̀, n kò fẹ́ kó tún gbọ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn arúgbó òyìnbó kò ṣe pàtàkì jù yín lọ. N kò tilẹ̀ tíì rí wọn láti ọdún tó kọjá.

Moríyọ̀


Arákalé, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ti gálárì. Mo jókòó sórí àpótí tí mo máa ń gùn láti kọ́ àwòrán, n kò mọ iye wákàtí. N kò mọ ohun tí bàbá ń kọ fún ọmọ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ò bá ti sọ fún mi. Etí mi ló di, kò sí ohun tó ṣe ọkàn mi.

Ọwọ́ mi kò mọ nǹkan kan, má gbà á gbọ́. Àárò rẹ ló ń sọ mí. Mo ti ń gbàgbé bí imú rẹ ṣe rí, ìyẹn ló bà mí lẹ́rù tí mo fi gbé amọ̀.

Lánàá, mo tún gbé e. Mo fi fọ́tò tuntun síwájú, mo ṣe ọ́ bó o ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni àtàǹpàkò mi fi amọ̀ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ láìbi mí, bó ṣe máa ń ṣe fún àwọn oníbàárà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo yọ ọ́ kúrò. N kò fi irun sí i. Egungun ọrùn rẹ tó yọ síta, mo ṣe é. Mo sunkún bí mo ṣe ń ṣe é, mo sì ń bú ara mi. N kò dà á sí sìmẹ́ǹtì. Ó wà lábẹ́ aṣọ tútù, kó má bàa gbẹ.

Yèyé kò gba ẹ̀kọ lánàá rárá. Jẹ́ kí n gbé orí yìí lọ bá a, kí n sì sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un. N kò ní lọ láìjẹ́ pé o gbà. Mo ti purọ́ fún obìnrin yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Bàbá rẹ


Sheffield
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Kẹfà

Bàámi,

Tí ẹ bá gbé e lọ, yóò mọ̀ pé àìsàn màámi ló ń ṣe mí. Tí ẹ kò bá gbé e lọ, yóò kú pẹ̀lú èrò pé mo ti kú. Mo ti rò ó títí, kò sí èyí tó dára nínú méjèèjì.

Ẹ gbé e lọ. Ẹ má tún nǹkan kan ṣe lára rẹ̀. Ẹ tètè kọ̀wé sí mi, ẹ jọ̀ọ́, kíá.

Moríyọ̀


Sheffield
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Kẹfà

Bàámi,

Ọjọ́ kẹwàá rèé. Mo pe Àǹtí, ó ní, “Yèyé ń sùn, bàbá rẹ wà lọ́dọ̀ rẹ̀.” Mo ní kó sọ fún yín pé kí ẹ kọ̀wé sí mi, ó ní ẹ gbàgbé fóònù yín sí Àkúrẹ́. Mo pè é lánàá, ó tún ní Yèyé ń sùn. “Ó ń sùn” ni wọ́n sọ fún èmi náà ní ọjọ́ tí màámi kú, tí wọ́n fi mí sílẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì títí ìdánwò fi parí.

Tí Yèyé bá ti kú, ẹ sọ fún mi. Nítorí Ọlọ́run, ẹ má ṣe mí bí ẹ ṣe ṣe é. Èmi náà ti ń gbọ́ ohùn Àǹtí, mò ń bi ara mi pé ṣé ohùn rẹ̀ nìyẹn.

Moríyọ̀


Arákalé, Àkúrẹ́
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà

Moríyọ̀ ọmọ mi,

Yèyé ń sùn ni lóòótọ́. Ó jẹun yó, ó sì sùn. Alẹ́ àná ni mo wọlé láti Oǹdó. Orí rẹ ni mo gbé mọ́ àyà nígbà tí mò ń lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi gbàgbé fóònù sórí tábìlì iṣẹ́. Má bínú. Jókòó, kí n rò fún ọ.

Mo gbé e lé itan nínú mọ́tò, mo ń wọ́n omi sí aṣọ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Awakọ̀ bi mí bóyá ẹran ni, kó má ro sí ìjókòó òun. Mo ní ọmọ mi ni. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé Oǹdó.

Yèyé ti rù, ibùsùn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà lórí rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Yèyé, Moríyọ̀ ń ṣàìsàn. Ó wà láàyè, àmọ́ ara rẹ̀ ò dá.” Ó ní, “Irọ́ tuntun rèé.” Mo gbé orí náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ṣí aṣọ, mo mú ọwọ́ rẹ̀ lé e. Ó já ọwọ́ náà gbà. Àǹtí rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bú mi pé mo fẹ́ pa ìyá òun.

Ó ṣe díẹ̀, ọwọ́ náà padà fúnra rẹ̀. Ó wá irun, kò rí irun. Ó kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìn, ó kan imú, ó sọ̀ kalẹ̀ dé egungun ọrùn, ó pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé ó máa bi mí pé ọjọ́ wo ni. Ìbínú ló fi dáhùn.

“Ta ló ṣe orí burúkú yìí?”

“Èmi ni, Yèyé.”

“Ìwọ? Ìwọ tó fi ẹran sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bímbọ́lá tó pọ̀ ju èyí tí ọmọ mi ní láyé rẹ̀? Irun eléyìí ńkọ́?”

“Kò ní irun báyìí. Oògùn ló kó o lọ. Bó ṣe wà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyẹn.”

Ó tún fọwọ́ pa etí rẹ. “Amọ̀ yìí tutù. O ò tíì dà á.”

“N kò tíì dà á, Yèyé.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ mú. Ó wá ní, “Bàbá Moríyọ̀, mo mọ ọwọ́ rẹ. Ká ní ó ti kú ni, o ò ní jẹ́ kó rí báyìí. Ọmọ yìí wà láàyè. Ebi ló ń pa á. Fọlákẹ́mi, gbé mi jókòó.”

Ó mu ẹ̀kọ, ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá àìsàn Bímbọ́lá ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó sunkún nígbà náà, èmi náà sunkún, Àǹtí rẹ jókòó sílẹ̀ láàárín wa ó sì ń sunkún, ṣùgbọ́n mo rí i pé Yèyé tún na ife rẹ̀ kí wọ́n bu ẹ̀kọ sí i. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo lò níbẹ̀, nítorí kò gbà kẹ́nikẹ́ni fún òun lóúnjẹ àfi èmi. Ó ní ìyà tó tọ́ sí mi nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ méjì ló fi rán mi. Àkọ́kọ́, kí n fọ́ orí sìmẹ́ǹtì tó rẹwà yẹn. Mo fọ́ ọ ní àárọ̀ yìí kí n tó kọ lẹ́tà. Mo rò pé yóò dùn mí, ó sì dùn mí. Adébùsóyè gbọ́ ariwo òòlù, ó sáré wọlé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun ń kí mi kú ewu, lẹ́yìn náà ó ní ṣé n kò lè ṣe orí tòun bẹ́ẹ̀, láàyè, pẹ̀lú imú òun bó ṣe tóbi tó. Mo ní kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Sherifat ní òun máa dá àwọn àwòrán òun padà, tí mo bá fi wọ́n sí ẹnu ọ̀nà. Àyè ti ṣí sílẹ̀ níbẹ̀.

Èkejì, Yèyé ní orí amọ̀ yẹn kì í ṣe ti Àkúrẹ́ mọ́, ọ̀dọ̀ òun ni yóò wà. Ó ní n kò gbọdọ̀ dà á, amọ̀ náà kò sì gbọdọ̀ gbẹ títí wàá fi dé tí òun á fọwọ́ kan orí tìrẹ gan-an. Láràárọ̀, ó ń ti ọwọ́ bọ omi, ó ń fi pa á bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Wọn kò gbọdọ̀ bá a ṣe é.

Bàbá rẹ tó ń dúró de lẹ́tà rẹ,
Rufus


Sheffield
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Keje

Bàámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, lórí ilẹ̀ lónìí, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ka lẹ́tà yín fún Ọpẹ́yẹmí, a rẹ́rìn-ín sí awakọ̀ yẹn títí ó fi di ẹkún.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí ni wọ́n máa yẹ̀ mí wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tán lára mi. N kò lè sùn. Mò ń ka ọjọ́, mo tún ń kà á padà. Tó bá ti tán, màá wá ní ọdún Kérésì. Tí kò bá tíì tán, màá fi fọ́tò mìíràn ránṣẹ́ sí yín, màá sì fẹ́ kí ẹ ṣe é bí ẹ bá ṣe rí i. Ẹ ṣèlérí fún mi.

Ẹ bá mi sọ fún Yèyé pé irun mi ti ń hù. Kò tíì ga tó ìrẹsì, ọwọ́ nìkan ló lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kó fi èékánná ya á sí orí amọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kó má pọ̀ jù. Tí mo bá ti jí, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe báyìí ni kí n fọwọ́ pa orí mi wò.

Agogo méje ti lù ní Oǹdó. Ẹ bá mi bi í léèrè, Bàámi. Ṣé ó ti fi omi pa mí lórí lónìí?

Ọmọ yín,
Moríyọ̀